Lẹ́tà Tó Wá Sórí Àga 4-17

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí. Màmá mi ló ra ìwé yìí fún mi, ó ní kí n máa kọ ohun tí mo bá ṣe lójúmọ́ sínú ẹ̀, kí n lè máa fojú ara mi rí ara mi. Mo ní, "Ṣebí dígí wà nílé." Kò rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ tí wọ́n ti lé mi nílé-ìwé, kì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi mọ́, ìyẹn sì ń dùn mí ju lílé tí wọ́n lé mi lọ. Ohun tí mo ṣe ò ju pé mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo fi ohùn ọ̀gá ilé-ìwé sọ pé omi ti tán, kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé. Gbogbo wọn lọ. Àwọn tíṣà náà lọ. Ká ní mo mọ̀ pé ẹkún ni màmá mi máa fi gbọ́ ọ ni, ǹ bá ti panu mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Ẹnjiníà, àbúrò bàbá mi, ló bá mi wá iṣẹ́ yìí ní ọsibítù tó ti ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ṣe é dáadáa, ó máa bá mi bẹ ilé-ìwé mìíràn. Bí mi ò bá ṣe é dáadáa, màmá mi ní òun ò ní ọ̀rọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ọsibítù yìí ní ẹ̀rọ ìfìwéránṣẹ́ kan tó ti dàgbà jù mí lọ. Nínú ẹ̀, èèyàn kọ́ ló ní àdírẹ́sì, àga ni. Ilé kẹrin, àga kẹtàlá: 4-13. Ẹni yòówù tó bá ń jókòó síbẹ̀ ló ni lẹ́tà. Ìmeèlì tuntun tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí, orúkọ èèyàn ló mọ̀, kò mọ àga. Nítorí náà mo gbọ́dọ̀ ṣe ìwé alápá méjì: nọ́ńbà àga lápá òsì, orúkọ ẹni tó ni ín lápá ọ̀tún, kí lẹ́tà tó bá gba nọ́ńbà àtijọ́ wọlé lè mọ ẹni tó ń lọ bá. Ẹgbẹ̀ta àga ó lé méjìlá.

Bọ̀ọ̀dá na ìka sí mi nímú. "Gbọ́ o, Odídẹ." Odídẹ ni gbogbo ilé ń pè mí, nítorí ẹnu mi. "Bí o bá dé ibi àga tó ṣófo, o ò gbọdọ̀ kọ 'kò sẹ́ni' àfi tí o bá bi èèyàn méjì. Èèyàn méjì! Pé àga ṣófo ò ní kó má ní ẹni tó ni ín."

"Mo ti gbọ́, sà." Ohùn òun fúnra ẹ̀ ni mo fi dá a lóhùn. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó gbé e mì.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ karùn-ún

Ẹsẹ̀ mi wú. Ooru òní dà bí ẹni pé wọ́n dé wa mọ́ inú ìkòkò. Owó mọ́tò tún ti gòkè, mo fẹsẹ̀ rìn wálé.

Bàbá tó ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, Bàbá Káàdì, bi mí pé kí ni mo ń kà kiri. Mo ní àga ni. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ gbé e níyàwó ni?" Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀, mo fi ohùn ọ̀gá àgbà ọsibítù, ẹni tí kì í sọ gbólóhùn méjì kó má sọ "ẹ gbọ́ mi dáadáa", dá a lóhùn: "Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Bàbá Káàdì, ìdí yín ti wúwo ju ohun tí a fọwọ́ sí lọ." Bàbá fò dìde, ó dúró ṣánṣán kó tó mọ̀ pé èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní òun máa gbẹ̀san. Mo fẹ́ràn bàbá yìí.

Ilé kẹrin ni mo fi parí iṣẹ́ òní. Yàrá tó gbẹ̀yìn ni yàrá aránṣọ, ibi tí wọ́n ti ń lẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá ya. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ ìránṣọ, eruku wà lórí ọ̀rá, aṣọ bẹ́ẹ̀dì sì ga gègèrè lórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Mo wo nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. 4-17: kò sẹ́ni. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

(Oṣù kẹta ni mo padà wá kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́: ibí ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Ì bá jẹ́ pé mo kàn kan ilẹ̀kùn kejì péré.)

Fúráídeè, ọjọ́ keje

Ọwọ́ mi ò gbé jẹ́ẹ́. Bọ̀ọ̀dá ti so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ fún ìdánwò, lẹ́tà ti ń ti inú àtijọ́ bọ́ sínú tuntun bí ìwé mi bá ṣe wí. Ni mo bá dá èèyàn kan tí kò sí sílẹ̀: Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìjókòó. Ó gbọ́dọ̀ ní àga kó tó lè máa gba lẹ́tà, mo fún un ní 4-17, ṣebí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo wá kọ̀wé sí gbogbo ọsibítù:

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. A ti ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń jókòó ju bó ṣe yẹ lọ. Kí oníkálùkù fi okùn wọn àga rẹ̀, kí ó fi gígùn àti ìbú ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀ ju àga lọ, kí ó wá ṣàlàyé."

Túsìdeè, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fi báńdéèjì wọn àga. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kọ̀wé pé orí bíríkì lòun ń jókòó sí, ṣé kóun wọn bíríkì. Bàbá Káàdì ti fura, ó kọ̀wé láìfi orúkọ sí i: "Ọ̀gá Ìjókòó, èmi ni ìyàwó tí ẹ fi sílẹ̀ lórí àga onírin. Àwọn ọmọ yín ń béèrè yín. Àpótí méjì, bẹ́ńṣì kan." Mo fi ohùn ọkọ tó ń sá fún ìyàwó dá a lóhùn. Àtàná la ti ń bá a bọ̀.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹtàlá

Bàbá Káàdì ti kúrò ní ìyàwó, ó ti di ọmọ! Ó tiẹ̀ lọ wá àdírẹ́sì ìta kan lò, kí n má bàa mọ̀ pé òun ni. Ẹ wo ohun tó kọ:

"Màmá, èmi ni. Lẹ́tà yín ti dé ọwọ́ mi, ó pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ọkọ̀ òfurufú wa máa balẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ kọkàndínlógún, wákàtí mẹ́fà ló máa lò kó tó gbéra. Bí ẹ bá fẹ́ kí n yà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan péré, mo máa sáré wá. Bí ẹ ò bá fẹ́, màá jókòó síbi tí ọkọ̀ bá já wa sí."

"Màá jókòó." Bàbá yìí gbọ́n! Mo fi ohùn ìyá mi àgbà, ìyá tó bí màmá mi, fèsì, ohùn tó máa ń lò bí inú bá ń bí i tí kò fẹ́ kéèyàn mọ̀:

"Ọmọ wo? Èyí tí mo bí ti jáde lọ, ilẹ̀kùn tó gbà jáde ṣì ń wò mí níran. Jókòó síbi tí o wà kí ìdí rẹ gbóná dáadáa. Bí mo bá fẹ́ rí ẹ, mo máa ránṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín débi tí Bọ̀ọ̀dá fi yọjú wò mí.

Fúráídeè, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó ti fèsì. "Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ máa tọ́jú ara yín." Kò tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Mo pàdé Bàbá Káàdì níbi ẹ̀rọ omi, mo ní lẹ́tà ọmọ yẹn ò tó ti ìyàwó. Ó ní, "Ọmọ wo?"

Mo ní, "Ẹ máa díbọ́n lọ, sà."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, bóyá ó gbóná.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò rọ̀ láàárọ̀, oòrùn ràn lọ́sàn-án. Àga tó kù ò tó àádọ́jọ mọ́. Bọ̀ọ̀dá yìn mí lójú màmá mi, màmá mi sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọjọ́ yìí dùn.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n ní kí n lọ sí yàrá aránṣọ, ẹnì kan ń bínú níbẹ̀ pé ẹ̀rọ òun ò fi lẹ́tà han òun. Mo ní, yàrá aránṣọ kẹ̀? Mo dé ibẹ̀, mo bá ìyá àgbàlagbà kan lórí àga yẹn, ó wọ awò dúdú. Wọ́n ti kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì kúrò.

"Ìwọ lọmọ tó ń ka àga?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni, mà."

"Ta lo wá kọ sórí tèmi? Iṣẹ́ abẹ ojú ni mo lọ ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà lórí àga yìí, mo dé, wọ́n ní kò sẹ́ni. Àbí mo ti kú tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Sún mọ́ mi, bá mi wá nǹkan kan. Mo kọ̀wé sí ọmọ mi lọ́dún tó kọjá, mo ní kó jẹ́ ká gbàgbé ohun tó ti kọjá. Ọdún mẹ́fà la ò ti bára wa sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà fóònù mi tó mọ̀ ti kú. Nọ́ńbà àga yìí ló kù tó mọ̀, láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló sì máa kọ̀wé sí. Ṣé lẹ́tà kankan ò wá?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó, mà." Mi ò mọ bí mo ṣe padà dé ìdí kọ̀ǹpútà. Mo ṣí lẹ́tà yẹn. Bàbá Káàdì kọ́. Kò fìgbà kan jẹ́ Bàbá Káàdì. Ọjọ́ kọkàndínlógún ló kọ síbẹ̀. Òní ti di ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Túsìdeè, ọjọ́ karùn-úndínlọ́gbọ̀n

Mi ò lè jẹun. Màmá mi ní ṣé ibà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ojoojúmọ́ ni Ìyá Aránṣọ ń ránṣẹ́ pè mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé kò tíì dé. Irọ́ yẹn ti wá rọ̀ mí lẹ́nu bí ọ̀dùnkún.

Lónìí ó ní kí n bá òun fi òwú sí abẹ́rẹ́, ojú òun ò tíì mọ́ tán. Ó wá ń sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. "O mọ ohun tó fa ìjà? Ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá ẹ̀ tó ti kú. Ó tà á láìsọ fún mi, ó fi rìnrìn-àjò. Irin lásánlàsàn. Torí irin ni mo fi sọ ọmọ mi nù." Mo gún ara mi níka. Ó ní kí n rọra, kí ẹ̀jẹ̀ má kan aṣọ aláìsàn.

Mo jókòó láti kọ̀wé sí ọmọ náà. Ìgbà mẹ́fà ni mo bẹ̀rẹ̀. Èkíní dún bí ọ̀gá àgbà, èkejì bíi pásítọ̀, ẹ̀kẹta bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Mo lè ṣe ohùn gbogbo èèyàn, àmọ́ nígbà tó di pé kí n sọ pé èmi ni mo ṣẹ̀ yín, mi ò rí ohùn tí mo lè fi sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo kàn kọ ọ́: màmá yín kọ́ ló fèsì yẹn o, ọmọ kan tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n ń retí yín. Mo fi ránṣẹ́. Mi ò tíì mí tán tó fi padà wá: kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí mọ́. Àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ tó ti kúrò ni. Wọ́n ti pa á rẹ́.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

A ti kó dé inú ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ àtijọ́ kú lágogo mẹ́wàá àárọ̀, kò pariwo. Láti òní lọ, ìwé alápá méjì mi ló ń tọ́ lẹ́tà sọ́nà, fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí àwọn ará ìta lè mọ àdírẹ́sì tuntun, kí wọ́n tó pa ìwé náà rẹ́. Ọ̀gá àgbà wá. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọmọ yìí gbìyànjú." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bọ̀ọ̀dá ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò. Ó dúró.

"Odídẹ. Ta ni Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìjókòó?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mi ò fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó ka lẹ́tà náà, ó ka èsì mi, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Èèyàn méjì. Mo ní kí o bi èèyàn méjì."

"Ẹ lé mi, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé mi."

"Ṣé kí n lé ẹ kí ara lè tù ẹ́? Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Tún ìlà yẹn ṣe, kí o tẹ lẹ́tà méjèèjì sórí ìwé, kí o gbé e lọ bá wọn. Fúnra ẹ."

Túsìdeè, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ.

Mo ka ti ọmọ ẹ̀ sí i létí. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ọjọ́ wo ló sọ?"

"Kọkàndínlógún oṣù kejì, mà."

"Mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mo fi aṣọ bojú, dókítà ní kí n má tíì wo oòrùn." Ó fa òwú tó wà lójú abẹ́rẹ́ já. "Kí ni wọ́n wá sọ fún un?"

"Èmi ni mo fèsì, mà. Mo rò pé eré ni." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì mi wàràwàrà, kí ó lè tètè parí.

Ó gbọ́wọ́ sókè. "Bẹ́ẹ̀ kọ́ lo ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní o máa ń ṣe ohùn èèyàn. Sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn ẹ nígbà tí ò ń kọ ọ́."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè..."

"Sọ ọ́!"

Mo sọ ọ́. Ohùn ìyá mi àgbà jáde lẹ́nu mi nínú yàrá kékeré yẹn. Nígbà tí mo dé "bí mo bá fẹ́ rí ẹ, mo máa ránṣẹ́", ó bọ́ awò ojú ẹ̀ kúrò. Ojú kan ṣì pọ́n.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kí ni, mà?"

"Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ. Mo dúró lójú ilẹ̀kùn, mo ní bí mo bá fẹ́ rí ẹ, mo máa ránṣẹ́. Èmi àti ẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀. Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni, mà. Ìyá mi àgbà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ bí inú bá ń bí wọn."

Ó mi orí, ó tún mi orí. "Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Abájọ tó fi gbà pé èmi ni."

Mo ń retí pé ó máa gbá mi létí. Ì bá gbá mi. Ó kàn ní, "Má sunkún sórí aṣọ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ ni," ó sì yíjú sí ògiri.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá

Ìyá Aránṣọ ń sọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tiwọn nìkan, mi ò fi ẹyọ kan kún un. A kọ̀wé síbi iṣẹ́ tí ọmọ náà ti kúrò. Bàbá Káàdì bá wa wá nọ́ńbà fóònù ibẹ̀. Ẹni tó gbé e ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, òun ò mọ ẹni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Káàdì ò dá mi lẹ́bi. Àmọ́ kò bá mi ṣeré bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́.

Mo ti sọ fún màmá mi. Ó ní, "Ká ní èmi ni ńkọ́?" Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó gé e.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó di oṣù kan géérégé tí ọkọ̀ òfurufú yẹn ti balẹ̀.

Túsìdeè, ọjọ́ karùn-úndínlọ́gbọ̀n

Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n ṣe ohùn ọ̀gá àgbà díẹ̀ fún àwọn. Mo ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀kan fún mi ní oògùn. Mo gbé e mì.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé lónìí. Bọ̀ọ̀dá jókòó láti pa ìwé alápá méjì rẹ́.

Mo ní, "Sà, ẹ má pa á."

"Òfin ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí wa ti mọ àdírẹ́sì tuntun."

"Ẹnì kan ò mọ̀ ọ́n, sà."

Ó ń pa wọ́n lọ, ilé kìíní, ilé kejì, ilé kẹta. Gbogbo ẹsẹ̀ tí mo fi rìn ń pòórá lójú mi, kò sì dùn mí. Ó dé ilé kẹrin, ó pa á títí dé 4-16, ó fo ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti 4-18. Ó wá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó kù: ẹ má fọwọ́ kàn án.

"Ìlà kan ò lè di ẹ̀rọ lọ́wọ́," ló wí. Ó ní kí n lọ ra omi tútù wá fún òun.

Fúráídeè, ọjọ́ kọkànlá

Ìyá Aránṣọ fẹ̀yìn tì lónìí. Wọ́n ti gbé àga náà lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n máa gbé ẹ̀rọ tí ń gé òwú sí ipò ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá gbà kí n darí 4-17 sínú fóònù tuntun ìyá, kí lẹ́tà tó bá wá lè bá wọn níbikíbi. Mo fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n, ìgbà mẹ́ta. Wọ́n ti kó abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì wọn sínú àpò kan, àpò yẹn wà lórí itan wọn.

"Bí ó bá kọ̀wé, ṣé ó máa dún?"

"Ó máa dún, mà."

"Jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe máa ń dún, kí n má bàa ṣì í gbọ́."

Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo kọ̀wé sí 4-17. Orúkọ ara mi ni mo fi sí i. Mo tẹ̀ ẹ́.

Fóònù dún lọ́wọ́ wọn. Mo rí ojú wọn kí wọ́n tó kà á pé èmi ni.